Wíìgì Tí Hinda Kò Rán

"Ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù ló fà á ya, mà," Mindel wí, ó sì rọra gbé wíìgì náà lé orí tábìlì bí ẹni ń tẹ́ ọmọ tó ti sùn. "Mo tẹ̀ ba láti mú ìkòkò ọbẹ̀, bí mo ṣe ní kí n gbórí sókè báyìí, ó há. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ẹ lè bá mi rán an kí Sábáàtì tó wọlé? Rábì fúnra wọn ló ń bọ̀ wá jẹun lọ́dọ̀ wa lálẹ́ òní."

Hinda Perlmutter fa iná orí tábìlì sún mọ́ra, ó yí inú wíìgì náà síta. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n rèé tó ti ń ṣe wíìgì nínú yàrá iwájú ilé rẹ̀ ní Melbourne, fún àwọn abilékọ àdúgbò tí wọn kì í jẹ́ kí irun orí wọn gan-an hàn síta. Ó mọ ohun tí ilẹ̀kùn máa ń ṣe sí wíìgì. Ilẹ̀kùn á já irun díẹ̀ níwájú, ó parí. Ilẹ̀kùn kì í fa kóòmù kékeré tó há a mọ́ orí tu tòun ti léèsì. Ilẹ̀kùn kì í sì í mú apá òsì nìkan, lókè etí, níbi tí ọwọ́ ọ̀tún ẹni tó bá kọjú sí èèyàn máa ń dé.

Irun dúdú kúkúrú bíi mẹ́fà ṣì rọ̀ mọ́ kóòmù náà. Irun wíìgì kọ́. Irun orí Mindel ni.

Ojú ti Hinda, ó tì í gan-an. Kì í ṣe nítorí Mindel, nítorí ara rẹ̀ ni. Ó ti rí irú yíya yìí rí, ní apá yìí kan náà, lẹ́ẹ̀mẹta, lára wíìgì obìnrin mìíràn. Ọkùnrin tó fa ti obìnrin yẹn ya ni ọkọ Mindel lónìí.

Anshel Wachs ni orúkọ ọkùnrin náà. Òun ló ń ka ìwé mímọ́ Tórà ní sínágọ́gù wọn, ohùn rẹ̀ dùn débi pé àwọn àgbà máa ń pa ojú dé bó bá ń kà á. Bó bá parí, á bá wọn to àga. Peninah ni orúkọ ìyàwó rẹ̀ àkọ́kọ́. Nígbà àkọ́kọ́ tí Peninah gbé wíìgì wá, ó ní ilẹ̀kùn ọkọ̀ ló fà á. Nígbà kejì, ó ní ọmọ àbúrò òun ni. Nígbà kẹta, kò pa irọ́ kankan mọ́, ó kàn jókòó, ó ń wo ìta láti ojú fèrèsé, Hinda sì ń rán an. Iṣẹ́ ọwọ́ Hinda mọ́. Bí o bá fi awò wò ó, o ò ní rí ojú abẹ́rẹ́. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí Peninah fi kó lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Sydney. Àwọn èèyàn ní orí wọn kò bára mu. Hinda náà bá wọn sọ bẹ́ẹ̀.

Ní nǹkan bí ọdún kan ààbọ̀ sí i, fóònù dún láti ìlú Antwerp ní òkè òkun. Láàárín àwa Júù, ìyá ọmọ kì í fa ọmọbìnrin rẹ̀ sílẹ̀ fún ọkọ láìṣe ìwádìí. Á pe aládùúgbò, á pe olùkọ́, á pe ẹnikẹ́ni tó bá lè mọ inú ilé ọkùnrin náà. "Ìyáàfin Perlmutter," ìyá Mindel wí, "wọ́n ní ẹ̀yin lẹ mọ gbogbo ilé tó wà ládùúgbò yẹn. Ọmọ kan ṣoṣo ni mo ní. Ẹ bá mi sọ òótọ́, irú èèyàn wo ni Anshel yìí?"

Hinda fi ọwọ́ bo ẹnu fóònù, ó wo ọkọ rẹ̀. Zalman jókòó nídìí ìwé rẹ̀. Ó kàn fi ìka kan lé ètè.

Hinda kúkú mọ òfin náà: èèyàn kò gbọdọ̀ sọ ọ̀rọ̀ ẹni láìdáa, kódà kí ó jẹ́ òótọ́. Ó tún rò ó pé èèyàn lè yí padà, pé bóyá Peninah náà lẹ́nu, pé ẹnu tòun kọ́ ni wọn ó ti gbọ́. Ó sì mú ọwọ́ kúrò lẹ́nu fóònù. "Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, mà," ó wí. "Kò lè pa eṣinṣin."

Ọdún mẹ́ta rèé.

"Mindel," Hinda wí báyìí, "ta ló fà á ya?"

"Mo ṣáà ti sọ ọ́, mà. Kọ́bọ́ọ̀dù."

"Kọ́bọ́ọ̀dù wo ló lọ́wọ́?"

Mindel fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò jáde. Fìlà olówùú kan ló dé wá, ó sì ń fi ìka tẹ ibì kan lókè etí òsì rẹ̀ bí ẹni pé ibẹ̀ ń yún un. Hinda na kóòmù kékeré náà sí i, tirun-tirun. Ọmọbìnrin náà wò ó. Ẹni ọdún mẹ́tàlélógún ni. Omi bọ́ lójú rẹ̀ láìsí ariwo.

"Torí ọbẹ̀ ni," ó wí. "Ó ní iyọ̀ pọ̀. Ó máa ń bẹ̀ mí lẹ́yìn ẹ̀, mà. Ó máa ń kúnlẹ̀. Lánàá ló tún kúnlẹ̀, ló bá ní kí n gbé e wá fún yín lónìí kíákíá, torí pé bí mo bá wé ìborùn síwájú Rábì, wọ́n á béèrè ohun tó ṣe wíìgì mi."

"O ò sọ fún ẹnì kan?"

"Mo pe ìyá mi. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà." Mindel nu imú. "Wọ́n ní irọ́ ni mo ń pa. Wọ́n ní, 'Ṣé Ìyáàfin Perlmutter wá purọ́ fún mi ni? Obìnrin tó ń rí orí gbogbo ìyàwó àdúgbò? Àwọn fúnra wọn ló ní kò lè pa eṣinṣin. Ìwọ wá ohun tí o ń ṣe tó fi ń bínú.' Wọ́n ní kí n má tún pe àwọn pẹ̀lú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀." Ó gbójú sókè, ó sì sáré fi kún un pé, "Mi ò bínú sí yín o, mà. Ẹ má dá ara yín lẹ́bi. Ẹ̀yin náà ò kúkú mọ̀."

Kò sí ohun tó rọrùn tó kí Hinda mi orí. Ìdáríjì rèé, ọmọ náà ti gbé e síwájú rẹ̀, Hinda kò tilẹ̀ tíì bẹ̀bẹ̀. Bó bá mi orí, á rán wíìgì náà, Mindel á máa lọ sílé, Rábì á jẹ ẹran adìyẹ, ẹnikẹ́ni kò sì ní mọ̀ láé pé Hinda mọ̀. Orí rẹ̀ tilẹ̀ ti fẹ́ mì. Ohun tó dá a dúró kò ju pé ọwọ́ rẹ̀ ti gbé abẹ́rẹ́ láìjẹ́ pé ó rán an níṣẹ́, ó ti ń wá ojú rẹ̀ láti ki òwú bọ̀ ọ́. Ó rí ọwọ́ náà, ara rẹ̀ sì kórìíra rẹ̀.

Ó fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀.

"Mo mọ̀," ó wí.

"Ẹ mọ kí ni, mà?"

"Nígbà tí ìyá ẹ pè mí, mo mọ̀. Wíìgì Peninah ya báyìí lẹ́ẹ̀mẹta, níbì kan náà. Èmi ni mo rán an. Mo mọ̀, mo sì sọ fún ìyá ẹ pé èèyàn jẹ́jẹ́ ni."

Tíráàmù kọjá níta, gíláàsì fèrèsé gbọ̀n. Mindel ń wo ẹnu Hinda bíi pé nǹkan mìíràn á tún jáde níbẹ̀ tó máa pa èyí rẹ́. Nígbà tí kò rí i, ó rọra fa àga rẹ̀ sẹ́yìn.

"Ẹ̀ẹ̀mẹta," ó wí.

"Ẹ̀ẹ̀mẹta."

"Ẹ sì rán an. Ṣé ó hàn lẹ́yìn tẹ́ ẹ rán an?"

"Kò hàn."

"Èèmọ̀ rèé o." Ohùn rẹ̀ ti yí padà, kò sí 'mà' nínú ẹ̀ mọ́. "Ọdún mẹ́ta tí mo fi ń kí yín ní sínágọ́gù. Ẹ ó ní, 'Báwo ni, ìyàwó wa?' Ṣé ojú kì í tì yín?"

"Ó ń tì mí," Hinda wí. "Kì í jẹ́ kí n lè wo ojú ẹ. Orí ẹ nìkan ni mo máa ń wò."

Ó dìde. Duroó kan wà lábẹ́ tábìlì rẹ̀, níbi tó ń kó àjákù léèsì sí. Ó tú u títí ó fi kan ìsàlẹ̀, ó sì fa káàdì kékeré kan yọ. Lọ́dún tó kọjá, obìnrin kan tó ń jẹ́ Leora Katzman ti kó irú káàdì bẹ́ẹ̀ wá, láti ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ àwọn obìnrin Júù tó ń ran àwọn tí wọ́n ń nà nílé lọ́wọ́. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀ọ́ kó jẹ́ kí wọ́n lẹ méjì mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀ rẹ̀, torí pé kò sí obìnrin tí kì í ṣí fìlà níbẹ̀. Hinda ní kó kó ẹrù rẹ̀ jáde, pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kò sí láàárín wa, pé àwọn oníbàárà òun kì í ṣe aláìnítìjú. Ó lé e lọ tán, ó mú ọ̀kan tó ṣẹ́kù sórí tábìlì, ó fi pamọ́. Ẹni tó gbà pé nǹkan kò sí, kí ló ń fi káàdì rẹ̀ pamọ́ fún?

"Mi ò ní pè wọ́n bí o ò bá fẹ́," ó wí. "Ọ̀rọ̀ ẹ ni."

Mindel wo aago ara ògiri. Aago méjì kù ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Anshel á dé láti ibi iṣẹ́ ní aago mẹ́ta ààbọ̀. "Ẹ pè wọ́n," ó wí.

Leora kò pẹ́ dé. Obìnrin kékeré ni, ìyẹ̀fun ṣì wà ní ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀; iṣẹ́ ọjọ́ Ẹtì ló fi sílẹ̀ nílé. Hinda ti múra sílẹ̀ fún èébú, ṣùgbọ́n Leora kàn kí i, "Ẹ kú ilé, mà," ó sì kọjá lọ bá Mindel, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀. Èyí tún dun Hinda ju èébú lọ.

"Mi ò wá sọ ohun tí o máa ṣe fún ẹ," Leora sọ fún un. "Mo wá béèrè ni. Kí lo fẹ́?"

"Mi ò mọ̀."

"Ó dáa. Kí ni o ò fẹ́?"

Mindel ronú. "Mi ò fẹ́ padà sílé lónìí."

"A ní ilé kan. Ìdáná ẹ̀ mọ́ bí òfin ṣe wí, àbẹ́là wà, búrẹ́dì Sábáàtì wà, èmi ni mo hun ìyẹ̀fun wọn bí irun láàárọ̀ yìí, wọ́n sì wọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ṣeé jẹ. Ẹnikẹ́ni kò mọ ibẹ̀. Òun náà kò ní mọ̀. Kò sẹ́ni tó máa lọ bá a jà, kò sẹ́ni tó máa pè é."

"Ìyá mi á ní mo ti ya wèrè." Ọwọ́ Mindel tún lọ sókè etí. "Anshel á pè wọ́n kí Sábáàtì tó wọlé, á máa sunkún sí wọn létí. Wọ́n á gbà á gbọ́. Wọ́n á wọ ọkọ̀ òfuurufú wá mú mi padà fún un. Ẹ ò mọ ìyá mi. Mi ò lè lọ ibì kankan bí wọn ò bá gbà mí gbọ́. Èmi nìkan ni wọ́n bí, àwọn nìkan ni mo ní."

Leora kò wo Hinda. Mindel náà kò wò ó. Hinda sì mọ̀ pé kò sí ẹlòmíràn láyé yìí tí ọ̀rọ̀ náà kàn. Irọ́ náà ló dúró sẹ́nu ọ̀nà ọmọ yìí, ẹni tó gbé e síbẹ̀ nìkan ló lè gbé e kúrò. Ní Antwerp, níbi tí ilẹ̀ ti ń pẹ́ mọ́ ju ti Melbourne lọ, aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ á ti fẹ́ lù. Àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì ni. Obìnrin náà á ti jí, á ti máa po ìyẹ̀fun.

Ó gbé fóònù. Ó tẹ̀ ẹ́ kí gbogbo wọn lè máa gbọ́, torí kò fẹ́ sọ ohunkóhun mọ́ tí Mindel kò ní gbọ́.

"Ìyáàfin Perlmutter!" Ohùn náà jí pépé. "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o! Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ Sábáàtì! Ṣé kò sí nǹkan o? Irun ọmọ wa ńkọ́?"

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ wá nǹkan jókòó lé."

"Kí ló dé? Mindel dà?"

"Ó wà níbí, kò sí ohun tó ṣe é báyìí. Mà, ẹ pè mí lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, ẹ bi mí irú èèyàn tí Anshel jẹ́. Irọ́ ni mo pa fún yín. Ó máa ń na ìyàwó rẹ̀ àkọ́kọ́. Mo mọ̀, ojú mi ló ṣe. Ó ń na Mindel báyìí, wíìgì rẹ̀ ló wà níwájú mi yìí, irun orí ẹ̀ wà lára ẹ̀. Ohun tó sọ fún yín lọ́sẹ̀ mẹ́fà sẹ́yìn, òótọ́ ni gbogbo ẹ̀. Èmi ni òpùrọ́."

Omi ń ṣàn nínú ìdáná lọ́hùn-ún. Ẹnì kan pa omi náà.

"Ìyáàfin Perlmutter," ìyá Mindel wí, ó rọra ń sọ ọ́, "kí ni mo fi ṣe yín?"

Hinda ya ẹnu. Gbogbo ohun tó ti tò sílẹ̀ láti ọdún mẹ́ta, òfin, ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn, bóyá á yí padà, ó wá a, kò rí ọ̀kan tó ṣeé gbé síta. "Ẹ ò ṣe mí ní nǹkan kan, mà," ó wí. "Ẹ kàn bi mí léèrè ni."

"Ọmọ mi pè mí. Mo ní òpùrọ́ ni. Ẹ gbọ́? Mo pe ọmọ mi ní òpùrọ́ torí ọ̀rọ̀ yín!" Ohùn náà ṣẹ́. "Ẹ kúrò lórí fóònù. Ẹ fún un. Mindel? Mindel, ọmọ mi, ṣé o ń gbọ́ mi? Má sunkún. Rárá, sunkún. Sunkún, màmá wà níbí."

Hinda gbé fóònù náà sọ́wọ́ Mindel, ó bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó fa ilẹ̀kùn dé lẹ́yìn ara rẹ̀. Zalman dúró níbẹ̀, ó gbé ìwé dání, awò rẹ̀ wà lórí irun. Ó ti wà níbẹ̀ tipẹ́.

"O gbọ́," Hinda wí.

"Mo gbọ́."

"Ṣé o tún fẹ́ fi ìka lé ètè?"

Bàbá àgbà náà wo ilẹ̀. "Òfin ni mo tẹ̀ lé, Hinda. 'Má ṣe máa rìn kiri bí olófòófó.' Ó wà nínú Tórà."

"Ó wà níbẹ̀. Parí ẹ̀ fún mi."

Zalman ṣí ìwé ọwọ́ rẹ̀, ó tún pa á dé.

"Ẹsẹ kan náà ni," Hinda wí. "Ìwọ lo mọ̀ ọ́n jù mí lọ. 'Má ṣe dúró máa wo ẹ̀jẹ̀ ẹnìkejì rẹ.' Ìdajì ẹsẹ la kà, èmi pẹ̀lú ẹ. Ìdajì tó rọ̀ wá lọ́rùn."

Nígbà tó padà wọlé, Leora ti mú àpò bébà kan, ó ń fi wíìgì yíya náà sínú rẹ̀ tòun ti kóòmù. "Ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́, mà," ó wí. "Bó ṣe wà yìí la fẹ́ kó wà. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, bí Mindel bá fẹ́, ẹ ó bá wa kọ ohun tẹ́ ẹ rí sílẹ̀, kẹ́ ẹ fọwọ́ sí i."

"Màá kọ ọ́. Ti Peninah náà."

"Ẹ kọ́kọ́ bi Peninah ná," Mindel wí. Ojú rẹ̀ ti wú, ṣùgbọ́n ọrùn rẹ̀ dúró ṣánṣán. "Ẹ̀yin ò kúkú bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan rí."

Hinda lọ sí àpótí, ó mú ìborùn rẹ̀ tó dára jù wá, aláwọ̀ ewé, èyí tí ọmọ rẹ̀ rà fún un. Mindel gbà á. Ó bọ́ fìlà lórí, lójú wọn, ibi tó wú lókè etí sì hàn kedere, ibi kan tó tóbi tó owó ẹyọ kò nírun. Ó wé ìborùn náà, ó wo jígí, ó sì tún un wé kó le.

"Wọ́n á béèrè," Hinda wí jẹ́jẹ́.

"Kí wọ́n béèrè."

Leora ti lọ ṣí ọkọ̀. Hinda kọ nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sẹ́yìn káàdì náà, ó nà á sí i. Ìgbà náà ló wá sọ ọ́: "Mindel, ọmọ mi, jọ̀ọ́, dárí jì mí."

Mindel gba káàdì náà. "Ẹ má tíì bẹ̀ mí, mà," ó wí. "Ọ̀rọ̀ tiyín kò tíì kàn." Ó sì jáde sínú oòrùn, ó la ojúde náà kọjá níṣojú àwọn obìnrin tó ń ra òdòdó ní ìkángun òpópónà.

Aago mẹ́rin kọjá ogún ìṣẹ́jú. Ọbẹ̀ adìyẹ ti wà lórí iná, aṣọ funfun ti wà lórí tábìlì, àbẹ́là méjì ti dúró nínú ọ̀pá wọn. Láti ọdún tí Hinda ti ní fóònù alágbèéká, ohun tó máa ń ṣe kẹ́yìn kó tó tan àbẹ́là ni pé á pa á, á jù ú sínú duroó, torí òfin kò gbà kí wọ́n fọwọ́ kàn án ní Sábáàtì. Lónìí, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àbẹ́là, kò sì pa á. Leora ti ní bí Mindel bá pe ẹnikẹ́ni nínú wọn, Sábáàtì ni o, kì í ṣe Sábáàtì ni o, kí wọ́n gbé e; ẹ̀mí ló ṣáájú. Bóyá ló máa pe Hinda. Hinda náà mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Zalman wọlé, ó ti wọ aṣọ sínágọ́gù. Ó rí fóònù náà, ó dúró. Hinda mú ìṣáná, kò wo ojú rẹ̀, ó ti múra àríyànjiyàn sílẹ̀. Ẹsẹ̀ ọkùnrin náà ló gbọ́ tó ń padà lọ sí yàrá, tó ń ṣí nǹkan, tó ń pa nǹkan dé. Nígbà tó padà, ṣájà fóònù ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú egungun ẹ̀yìn tó ń dùn ún, ó ki orí rẹ̀ bọ ihò iná ara ògiri, ó sì so òpin kejì mọ́ fóònù lẹ́gbẹ̀ẹ́ àbẹ́là.

"Iná inú ẹ̀ ti fẹ́ tán," ó wí. "Bó bá fi máa di òru, á ti kú, kò sì ní ṣeé gbé."

Hinda ṣá ìṣáná.